Osimhen: àwọn ìbéèrè táwọn èèyàn ń fi jà lórí fọ́ọ̀mù ẹ̀, lórí ara ẹ̀, àti lórí báwọn difẹ́ńdà ṣe ń ṣe é

Gbogbo ìgbà tí Super Eagles bá ti gbá bọ́ọ̀lù tán, ọ̀rọ̀ Victor Osimhen ló máa ń gbẹ̀yìn. Ibi yòówù kẹ́ẹ ti pàdé, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, nínú mọ́tò, nínú gúrúùpù WhatsApp, ẹnì kan á ní kò ṣe tó, ẹlòmíì á ní ṣé ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń fà á láṣọ ni. Mo ti kó àwọn ìbéèrè tó máa ń jẹ yọ jù jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bó ṣe yé mi, pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí pápá gan-an. Mo fẹ́ràn ọmọ yìí, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò ní torí ẹ̀ parọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé tí ò bá sí níbẹ̀, Náìjíríà ò lè ṣe nǹkan kan?

Ẹ jẹ́ ká wo ìdíje tí wọ́n fi ń wá ọ̀nà ife àgbáyé 2026, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti hàn kedere jù. Ìgbà mẹ́wàá la gbá bọ́ọ̀lù nínú gúrúùpù wa. Nínú márùn-ún, Osimhen ò sí níbẹ̀ rárá: Lesotho 1-1, Zimbabwe 1-1, South Africa 1-1 ní Uyo, Benin nà wá 2-1 ní Abidjan, South Africa tún 1-1 ní Bloemfontein. Póìntì mẹ́rin péré la rí kó nínú gbogbo ẹ̀. Márùn-ún yòókù tó gbá ńkọ́? A na Rwanda 2-0 ní Kigali, òun ló gbá méjèèjì wọlé. Zimbabwe bá wa gbá ọ̀mì 1-1 ní Uyo, òun náà ló gbá tiwa wọlé. A na Rwanda 1-0, a na Lesotho 2-1, ọjọ́ tó kẹ́yìn la wá na Benin 4-0, òun nìkan jẹ mẹ́ta níbẹ̀. Póìntì mẹ́tàlá nìyẹn.

Ẹ rò ó pọ̀, 17 ló jẹ́. South Africa ní 18, ìyẹn lẹ́yìn tí FIFA ti yọ póìntì mẹ́ta lọ́wọ́ wọn torí Teboho Mokoena tí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí kò yẹ kó gbá. Póìntì kan ṣoṣo ló gba ipò kìíní lọ́wọ́ wa, àìmọye póìntì la sì ti fi tọrẹ nígbà tó wà lórí ìjókòó àwọn tó farapa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́ délẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan ló yàtọ̀ láàárín ìgbà méjèèjì yẹn. José Peseiro ni kóòṣì wa ní November 2023, Finidi George ló wà níbẹ̀ ní June 2024, Eric Chelle ló sì dé ní 2025, abẹ́ Chelle ni Osimhen ti gbá gbogbo márààrún. Nítorí náà ẹni tó bá ní kóòṣì náà wà lára ẹ̀ ò jẹ̀bi. Àmọ́ Chelle yìí náà ló lọ sí Bloemfontein láìsí Osimhen tó tún gbá ọ̀mì bọ̀, ṣé ẹ rí i.

Ṣé ara ẹ̀ ló ń ṣẹlẹgẹ́ ni? Kí ló dé tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà ló ń farapa?

Ìbéèrè yìí ló máa ń bí mi nínú jù, torí wọ́n máa ń kó gbogbo ìfarapa pọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. November 2020, Benin City, ọjọ́ tá a ti fi góòlù mẹ́rin ṣíwájú Sierra Leone tí wọ́n wá dá gbogbo ẹ̀ padà di 4-4, ọjọ́ yẹn ló ṣubú tí èjìká ẹ̀ yẹ̀. Ọdún tó kọ́kọ́ lò ní Napoli, kílọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Ítálì nígbà yẹn, nìyẹn, kò tíì tó oṣù márùn-ún tí wọ́n rà á. Kó tó gbádùn, àrùn Kòrónà mú un. February 2021, wọ́n ń gbá Atalanta, ó fi ẹ̀yìn orí lu ilẹ̀, ó dákú sórí pápá, wọ́n sì gbé e lọ sọ́sibítù. November ọdún kan náà ni ojú ẹ̀ fọ́, màá sọ ìyẹn nísàlẹ̀. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ara ṣẹlẹgẹ́? Èjìká, orí, ojú. Bíbọ́ láti òkè àti fífi orí gbá ẹlòmíì ló fa gbogbo ẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù tó bá ń fò sókè báyẹn láti fi orí kan bọ́ọ̀lù, tí kì í yẹra fún ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ ló máa gbà á, kò sí ohun tí dókítà lè ṣe sí ìyẹn.

Ti iṣan ni ọ̀rọ̀ mìíì. October 2023, tá a ń bá Saudi Arabia gbá bọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́, iṣan ẹ̀yìn itan, èyí tí wọ́n ń pè ní hámstríìngì, ló mú un. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó lè gbá Lesotho àti Zimbabwe. Iṣan yẹn ló ń dá ẹsẹ̀ dúró nígbà téèyàn bá ń sáré àsápajúdé, tó bá ti rẹ iṣan ọ̀hún tí èèyàn tún fi agbára sá eré, ibẹ̀ ló ti máa ń ya. Èyí tó burú jù ni pé tó bá ti ya lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n kánjú dá ẹni náà padà sórí pápá, ó rọrùn kó tún ya. Irú ìfarapa yìí ni ìsinmi ń wò, tí kílọ́ọ̀bù àti kóòṣì orílẹ̀-èdè bá lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Osimhen ń gbá líìgì, ó ń gbá ìdíje Yúróòpù, ó tún ń wọkọ̀ òfuurufú wá sí Uyo láti wá gbá bọ́ọ̀lù nínú ooru wa, ó tún máa padà. Ẹ má retí pé iṣan ò ní sọ̀rọ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an tó fi ń wọ máàsìkì?

November 21, 2021, ní Milan, Napoli ń bá Inter gbá. Bọ́ọ̀lù wà lókè, òun àti Milan Škriniar fò sí i lẹ́ẹ̀kan náà, orí gbá ojú. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti egungun tó yí ẹyinjú ká fọ́ sí wẹ́wẹ́, ojú wú débi pé kò ṣeé wò. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un gba wákàtí mélòó kan, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ àti síkúrúù to ojú yẹn padà sípò. Dókítà tó ṣe é jáde wá sọ̀rọ̀ pé ojú ọ̀hún bàjẹ́ gan-an ni.

Ìyẹn ló jẹ́ kó pàdánù ife Áfíríkà tí wọ́n gbá ní Cameroon ní January 2022, àrùn Kòrónà tún kan án nígbà tó ń múra àtibọ̀. Tunisia sì lé wa jáde níbẹ̀ 1-0.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ máàsìkì láti dáàbò bo egungun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná, nígbà tó wá jinná tán kò bọ́ ọ mọ́. Àwọn kan ní ó fẹ́ fi ṣe fáàrí ni. Ẹ wo ẹni tí wọ́n fi síkúrúù di ojú ẹ̀ tó tún ń lọ fi orí yẹn gbá bọ́ọ̀lù láàárín difẹ́ńdà méjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ẹ wá sọ fún mi pé fáàrí ni.

Ṣé òfin gbà á láyè láti máa wọ̀ ọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin kẹrin nínú ìwé òfin bọ́ọ̀lù gba àwọn agbábọ́ọ̀lù láyè láti wọ ohun ìdáàbòbò ojú, tí kò bá lè ṣe ẹlòmíì léṣe. Rẹfirí máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣé máàsìkì ọ̀hún ò dí i lójú, ṣé kì í ṣe òun ló ń jẹ́ kó ṣe góòlù ṣòfò?

Máàsìkì yìí ló wà lójú ẹ̀ tó fi jẹ góòlù 26 nínú líìgì Ítálì ní 2022/23, tó fi di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó máa gba ipò ẹni tó jẹ góòlù jù lọ níbẹ̀. Òun ló wà lójú ẹ̀ ní Udine, May 4, 2023, nígbà tó gbá bọ́ọ̀lù tó dá Napoli padà sí 1-1 wọlé, tí wọ́n fi gba líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1990, láti ayé Maradona. Tó bá dí i lójú, kò hàn.

Nígbà náà, kí ló dé tó máa ń ṣe góòlù tó rọrùn ṣòfò?

Ó máa ń ṣe é ṣòfò, mi ò ní jiyàn. Ọ̀rọ̀ Gabon ló wà lọ́kàn gbogbo wa, nínú ìdíje àṣekún tó kù fún wa láti fi wá ọ̀nà ife àgbáyé, November 13, 2025 ní Rabat. Akor Adams ti fi wá síwájú, Gabon dá a padà nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ọwọ́ ti wà lórí fún gbogbo wa. Nínú ìṣẹ́jú àfikún, Osimhen bọ́ sílẹ̀ lóun nìkan, òun àti gólì ló kù, ó sì gbá a jáde. Mo mọ àwọn tó pa tẹlifíṣàn wọn nígbà yẹn.

Wọ́n wá wọ àfikún àkókò. Chidera Ejuke gbá kan wọlé, Osimhen wá gbá méjì lé e, ó di 4-1. Bí ọmọ yìí ṣe rí gan-an nìyẹn. Kì í sá fún bọ́ọ̀lù tó kàn lẹ́yìn tó bá ti ba kan jẹ́. Ọ̀pọ̀ sitiráíkà tó bá ṣe irú ṣòfò yẹn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fara pa mọ́ sẹ́yìn difẹ́ńdà, wọ́n á máa sáré lọ síbi tí bọ́ọ̀lù ò ní dé. Òun, ńṣe ló tún ń béèrè bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ń dé ibi góòlù lẹ́ẹ̀mẹfà máa ṣòfò ju ẹni tó dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sí ọgbọ́n tá a lè dá sí i.

Ohun tí mo gbà pé ó lè ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ẹsẹ̀ òsì. Tí wọ́n bá tì í sápá òsì, ó máa ń fẹ́ yí bọ́ọ̀lù padà sí ọ̀tún, ìgbà tó bá fi yí i tán difẹ́ńdà ti dé.

Ṣé àwọn difẹ́ńdà ń dọdẹ ẹ̀ lóòótọ́ ni, àbí òun ló máa ń tètè ṣubú?

Nígbà mìíì tẹ́ẹ bá ń wo kọ́nà, ẹ gbàgbé bọ́ọ̀lù, òun nìkan ni kẹ́ẹ tẹjú mọ́. Kí ẹni tó fẹ́ gbá kọ́nà tó sáré, difẹ́ńdà kan ti di ẹ̀yìn aṣọ ẹ̀ mú nísàlẹ̀ níbi tí kámẹ́rà ò ti fi bẹ́ẹ̀ rí i, èkejì fi ẹ̀yìn tì í láyà kó má lè gbéra. Tó bá fẹ́ fò, ọwọ́ tó wà láṣọ ẹ̀ ló máa fà á sísàlẹ̀. Rẹfirí á fọn fèrè kó tó ṣẹlẹ̀, á pe ẹni méjèèjì, á kìlọ̀ fún wọn, wọ́n á lọ tún un ṣe.

Tí wọ́n bá fọn ọ́n lóòótọ́, ẹ wo ohun tó máa ń jáde. Nínú ife Áfíríkà tí wọ́n gbá ní Côte d'Ivoire ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, góòlù kan ṣoṣo ló jẹ, àwọn èèyàn sì fi bú u títí. Ṣùgbọ́n nígbà tá a na Côte d'Ivoire 1-0 nínú gúrúùpù, òun ni wọ́n gbá lulẹ̀ tá a fi rí pẹ́nárítì. Nígbà tá a bá South Africa gbá sẹmí-fáínà ní Bouaké, òun náà ni wọ́n gbá lulẹ̀ tí Troost-Ekong fi gbá pẹ́nárítì wọlé. Nígbà tá a gbá Cameroon, òun ló lọ gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ difẹ́ńdà wọn tó fi fún Lookman tó jẹ ẹ́. Ní Bouaké yẹn kan náà, ó tiẹ̀ gbá kan wọlé tí VAR, fídíò tí rẹfirí fi ń yẹ eré wò, fi gbà á padà, tí wọ́n tún fún South Africa ní pẹ́nárítì lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìkángun kejì pápá. Ara ẹ̀ ò sì yá dáadáa kó tó di ọjọ́ yẹn, inú ló ń run ún, iyèméjì wà pé bóyá ó máa lè gbá. Góòlù kan nínú ìwé o, ṣùgbọ́n ta ló gbé wa dé fáínà?

Ní ti pé ó máa ń ṣubú, ó máa ń ṣubú nígbà mìíì tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mo ti rí i, mi ò sì fẹ́ràn ẹ̀, torí òun ló ń jẹ́ kí rẹfirí máa wò ó bí ẹni tó ń ṣe eré nígbà tí wọ́n bá gbá a ní ti gidi.

Kí ni òfin sọ lórí fífà láṣọ yẹn?

Dídi ẹni mú jẹ́ fáọ̀lù, fíríkíìkì tààrà ni. Tó bá jẹ́ inú bọ́ọ̀kìsì iwájú gólì ni, tí bọ́ọ̀lù sì ti wà nínú eré, pẹ́nárítì ni. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ òfin jẹ ni kí bọ́ọ̀lù tó kúrò ní kọ́nà, torí nígbà yẹn bọ́ọ̀lù ò tíì sí nínú eré, ìkìlọ̀ tàbí káàdì nìkan ni rẹfirí lè fún wọn. Àwọn difẹ́ńdà àgbà mọ èyí dáadáa.

Ṣé kì í ṣe pé ìbínú ẹ̀ ti pọ̀ jù? Ó bá Lookman jà.

Ọjọ́ tá a na Mozambique 4-0 ní Morocco ní January 2026 ni wọ́n ń sọ. Ó ti jẹ góòlù méjì, ó wá ń pariwo mọ́ Lookman lórí bọ́ọ̀lù tí kò fún un, nígbà tó yá ó ní kí wọ́n yọ òun. Kò dáa. Gbogbo ayé ló ń wò, Lookman náà kì í ṣe ọmọdé, òun náà ti gba ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù ní Áfíríkà. Irú ọ̀rọ̀ yẹn, inú yàrá ìmúra ló yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́. Ohun kan náà ni mo sọ ní 2024 nígbà tó lọ sórí Instagram tó ń sọ̀rọ̀ sí Finidi George. Ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún un nínú iṣẹ́, tó ti gbá ife àgbáyé fún orílẹ̀-èdè yìí, a kì í bá a sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn ní gbangba, bó ti wù kó dùn wá tó.

Ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀lù tó tẹ̀lé ti Mozambique yẹn, Algeria la gbá, òun ló fi orí kan àkọ́kọ́ wọlé, òun náà ló gbé ìkejì fún Akor Adams, 2-0. Nínú ìbínú yẹn náà ni ebi góòlù wà. Ẹ̀yin tẹ́ẹ fẹ́ kí ìbínú lọ kí góòlù dúró, ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Kí ló fa ìjà òun àti Napoli?

September 2023, ó ṣi pẹ́nárítì gbá nígbà tí wọ́n ń bá Bologna gbá ọ̀mì 0-0. Lẹ́yìn náà ni fídíò kan jáde lórí TikTok kílọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀ tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó gbé líìgì wá fún wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n! Aṣojú ẹ̀ ní àwọn lè gbé e lọ sílé ẹjọ́, kílọ́ọ̀bù ní àwọn ò ní in lọ́kàn láti bú u. Ó ṣì gbá bọ́ọ̀lù fún wọn títí sáà yẹn fi parí, December ọdún yẹn ló gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní Áfíríkà, ọmọ Náìjíríà tó kọ́kọ́ gbà á láàárín àwọn ọkùnrin láti ìgbà Kanu ní 1999. Àmọ́ nǹkan ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọdún tó tẹ̀lé e ló ti lọ sí Galatasaray ní Turkey.

Ṣé líìgì Turkey kì í ṣe líìgì àwọn tó ti ń rẹ̀?

Góòlù 26 ló jẹ nínú líìgì yẹn ní 2024/25, tí kò sẹ́ni tó jẹ tó o, wọ́n gba líìgì, wọ́n gba kọ́ọ̀pù, wọ́n wá san mílíọ̀nù 75 Yúrò láti fi rà á pátápátá, owó tí kílọ́ọ̀bù Turkey kan ò san rí. Tẹ́ẹ bá ní líìgì wọn ò le, Champions League ńkọ́? September 2025 òun ló gbá pẹ́nárítì tí wọ́n fi na Liverpool 1-0, November ó gbá mẹ́ta wọlé ní Ajax nílé wọn.

Ṣé òótọ́ ni pé ó gbọ́ Yorùbá?

Ó gbọ́ ọ dáadáa, ó ń sọ ọ́. Ará Esan làwọn òbí ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Edo, ṣùgbọ́n Olúṣọsùn ní Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ, ó ta pure water nínú gósílóò nígbà tó wà lọ́mọdé. Láti ibẹ̀ ló ti lọ sí Chile ní 2015 pẹ̀lú àwọn Golden Eaglets, ikọ̀ Náìjíríà tí ọjọ́ orí wọn ò ju 17 lọ, tó jẹ góòlù mẹ́wàá.

Kí ló yẹ kí Náìjíríà ṣe báyìí?

Ohun àkọ́kọ́, kí wọ́n yéé fi ìfarapa dán an wò. September 2025 ní Uyo, wọ́n gbá a lójúgun nígbà tá à ń bá Rwanda gbá, ó jáde kí wọ́n tó lọ ìsinmi, Bloemfontein kọjá lọ bẹ́ẹ̀. November, tá a bá DR Congo gbá ní Rabat, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn tó gbá Gabon wọ àfikún àkókò, ó tún farapa, kò padà wá lẹ́yìn ìsinmi. 1-1 ló wà nígbà tó jáde, 1-1 náà ló sì parí sí, wọ́n na wá ní pẹ́nárítì. Ìdajì tí kò sí níbẹ̀ yẹn, àwọn difẹ́ńdà Congo méjì tó ń ṣọ́ ọ wá rí àyè jáde síwájú, ẹ̀yin náà rí i.

Ohun kejì, kí wọ́n jẹ́ kí sitiráíkà kejì mọ bọ́ọ̀lù gbá láìsí i. Akor Adams wà, Tolu Arokodare wà, òun ló tiẹ̀ jẹ góòlù tá a fi na Rwanda lọ́jọ́ tí Osimhen jáde yẹn. Tá a bá ń bá orílẹ̀-èdè kékeré gbá nílé, tá a ti fi méjì ṣíwájú, ẹ yọ ọ́ ní ìṣẹ́jú ọgọ́ta, kò sí ìjà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí kápútẹ́nì máa bá rẹfirí sọ̀rọ̀ lórí àwọn kọ́nà yẹn kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Osimhen fúnra ẹ̀ ló ń lọ bá rẹfirí ṣàròyé, káàdì ló sì máa ń gbà bọ̀. Iṣẹ́ ẹlòmíì nìyẹn.

Ṣé ó máa bá Yekini, àbí ó máa kọjá ẹ̀?

Góòlù 37 ni Rashidi Yekini jẹ fún Super Eagles, Osimhen ti kọjá ọgbọ̀n dáadáa. Tí ara bá gbà á, ó máa kọjá ẹ̀. Ní ti ife àgbáyé ni mo ti ń káàánú ẹ̀, torí kò tíì gbá ọ̀kan rí: Ghana dá wa dúró ní Abuja ní 2022, Congo dá wa dúró fún ti 2026. December 1998 ni wọ́n bí i, á ti pé ọdún 31 nígbà tí ti 2030 bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ó ti pẹ́ jù nìyẹn. Yekini ti pé ọgbọ̀n ọdún ní June 1994 nígbà tó gbá ti Bulgaria wọlé nínú ife àgbáyé.